Nọ́ńbà Tí Mo Wọ́gi Lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dẹtí sílẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri, mi ò sì tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni nínú ilé mi rí. Ọkọ mi mọ ìdajì. Àwọn ọmọ mi ò mọ nǹkan kan. Lónìí, mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tó ń tì mí lójú.

Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ìjọba ṣọ́jà ló wà lóde. Ọmọ Èkìtì ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí, mo sì ríṣẹ́ ní láàbù kan ní yunifásítì l'Ékòó. Kì í ṣe láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò o! Láàbù físíìsì ni. Inú lọ́hùn-ún àwọn nǹkan ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀, ibi tó kéré débi pé kò sí awò tó lè fi í hàn ọ́. Núkílíà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n ní ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù? Mo rẹ́rìn-ín títí.

Iṣẹ́ méjì la máa ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá: báwo ni ìtànṣán ṣe ń yà tó bá kọ lu irin, báwo ló ṣe ń kú nínú òjé. Ọ̀gá wa, Dókítà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo, èyí ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n lè jókòó ti nọ́ńbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìjẹun. Ìkejì ni èyí tó kan ará ìlú. Wọ́n á gbé wàrà alágolo wá, wọ́n á gbé omi kànga wá, wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ wá, pé ká wò ó bóyá ìtànṣán ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìtànṣán tí mò ń sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti oòrùn. Èyí kò ṣeé rí, kò rùn, o ò sì ní mọ̀ pé ó kàn ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, inú lọ́hùn-ún ló ti ń ba ara jẹ́.

Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń bá wa gbọ́ ọ. Káńtà la máa ń pè é. Ó tó àpò ìwé ọmọ iléèwé, ó ní ọwọ́ kan tó ń sún lójú rẹ̀ bíi ọwọ́ agogo, ó sì máa ń dún: kẹ́... kẹ́... kẹ́-kẹ́. Kò síbi tó o gbé e dé láyé yìí tí kò ní dún díẹ̀, torí pé ìtànṣán kékeré wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú ògiri, ó wà nínú ara èmi àti ìwọ.

Láàárín Ẹ̀gbẹ́dá àti Akówọnjọ ni mò ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn. Ẹ̀yìn pátápátá ni yàrá tèmi wà. Níwájú ilé yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù onípákó Bàbá Ṣadé wà.

Bàbá Ṣadé ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Ará Oǹdó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n máa ń há awò kékeré kan sójú ọ̀tún, wọ́n á tẹrí ba sórí tábìlì, àfi bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ìyàwó wọn, Ìyá Ṣadé, ń ṣe tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún. Ṣadé fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé iléèwé l'Óǹdó. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, a ó máa tàkúrọ̀sọ. "Dókítà mi" ni wọ́n máa ń pè mí. Èmi tí mo kàn jẹ́ tẹkiníṣíà! Ó máa ń dùn mọ́ mi ṣá.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ́ kọ ìwé kan tí wọ́n máa lọ kà níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fẹ́ mọ iye ìtànṣán tó wà nínú ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ogún ibi, láti Àgbàdo dé Ìkòtún. Nínú gbogbo wa, ta ló ń gbé Alímọ̀ṣọ́? Èmi náà ni! Ni wọ́n bá gbé káńtà kan fún mi, wọ́n ní kí n fi òpin ọ̀sẹ̀ bá àwọn rìn ín.

Sátidé yẹn, mo rìn débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi fẹ́ bó. Ní Ìgàǹdó, àwọn onílẹ̀ kan rò pé mo wá wọn ilẹ̀ fún ìjọba, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ba káńtà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Àgbàdo, ìyá àgbà kan ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi gbọ́ àyà òun wò, torí ó ń lù kìkì. Ibi kọ̀ọ̀kan tí mo bá dé, mo máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ẹ̀ jọra, kò sí ìyanu kankan.

Iwájú ilé wa ni mo fi ṣe ogún. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Bí mo ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ṣadé, káńtà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan. Mo gbé ẹsẹ̀ méjì sí i, ó wá ń dún bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya. Ọwọ́ ojú rẹ̀ fò, ó lọ gbá òpin. Kí n tó la ẹnu, ó já wálẹ̀, ó wà lórí òdo. Ó dákẹ́. Kẹ́ kan kò jáde mọ́.

Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò dún. Mo gbọ̀n ọ́n. Kò dún.

Bàbá Ṣadé gbé orí sókè pẹ̀lú awò yẹn lójú. "Dókítà mi, kí ló ṣe é?"

"Ó ti kú, sà."

"Gbé e wá kí n wò ó jàre. Nǹkan tó bá ti ní ọwọ́ tó ń yí, èmi ni bàbá ẹ̀!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ní ohun ìjọba ni o, wọn ò gbọ́dọ̀ tú u. Mo gbé e lé orí tábìlì wọn níbẹ̀, mo jókòó, a sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Káńtà kò mí, mo sì kọ òdo sínú ìwé. Ìgbà tí mo wá gbé e dé yàrá mi ní ẹ̀yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀: kẹ́... kẹ́-kẹ́... Ó yára díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní ẹ̀n, bátìrì ni.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tó kú níwájú ilé, tó jí ní ẹ̀yìn ilé! Báwo ni mi ò ṣe bi ara mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún Ọ̀gá pé káńtà dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi kan. Mi ò sọ pé ó kọ́kọ́ fò lọ sókè. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bi mí ohun tí mo fi ṣe é, torí mo ti gbá a, mo sì ti gbọ̀n ọ́n. Ọ̀gá pààrọ̀ bátìrì, wọ́n gbé e lọ síbi ohun kékeré kan tó ń yọ ìtànṣán, tí a tọ́jú sínú òjé, ó dún dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ò bàjẹ́. Wọ́n ní kí n padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n tún un wò, kí n tó kọ ohunkóhun.

Sátidé dé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àti pé, mo sọ fún ara mi, iwájú ilé mi kọ́ nìyẹn ni? Níbi tí mò ń jókòó lójoojúmọ́? Kí ló lè wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá ní kí n kó nọ́ńbà wá. Òdo tí mo kọ sí ibi ogún ṣì wà níbẹ̀. Mo wọ́gi lé e. Mo wo nọ́ńbà Akówọnjọ, mo fi díẹ̀ kún un kó má bàa jọ ẹ̀dà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò kan náà. Ọ̀gá bi mí bóyá mo ti tún un wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ara Bàbá Ṣadé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu.

Èébì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n gbabẹ́rẹ́ ní kílíníìkì kan ní Ìkòtún. Lẹ́yìn náà ni egbò kan yọ sí àyà wọn lápá òsì, ó pọ́n, ó lé ròrò bí ibi tí omi gbígbóná dà sí. Ṣùgbọ́n kò sí omi gbígbóná tó dà sí wọn lára. Irun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá kóòmù jáde. Àwọn kan nínú ilé ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọfà ni, pé ọwọ́ ayé ni. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá gbàdúrà lé wọn lórí. Èmi náà ra ọsàn lọ kí wọn, mo kúnlẹ̀, mo ṣe àmín.

Tí ara bá sì fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n á tún jáde wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó sídìí tábìlì yẹn. Èmi náà á jókòó tì wọ́n.

Báwo ni mo ṣe wá mọ̀? Báàjì ni. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ láàbù la máa ń fi báàjì kan sáyà, tí fíìmù kékeré wà nínú rẹ̀. Tí ìtànṣán bá kan ọ́, fíìmù yẹn á dúdú. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń fọ fíìmù náà wò. Wọ́n ní ká má gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n mo máa ń gbàgbé tèmi sára aṣọ. Lóṣù yẹn, ti gbogbo èèyàn funfun. Tèmi dúdú bí èédú.

Ọ̀gá gbé fíìmù náà sókè sí ojú fèrèsé. "Fúnmi, níbo lo gbé báàjì yìí sí?"

Mo ní mi ò gbé e síbì kankan. Wọn ò gbà. Wọ́n rò pé orí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó wà nínú òjé ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. A ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Mo búra títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ni Ọ̀gá bá gbé fíìmù náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn títí dòní.

"Ọjọ́ tí káńtà dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́... kó tó dákẹ́, ṣé ó kọ́kọ́ fò lọ sókè?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọ̀gá wá àga, wọ́n jókòó. "Káńtà yìí kì í dákẹ́ torí pé kò sí nǹkan. Kò síbi tí kò sí nǹkan. Tó bá pọ̀ ju ohun tó lè kà lọ, ìgbà yẹn ló máa ń dákẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti kọ́ mi ní èyí rí! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gá bi mí pé, kí wá ni nọ́ńbà tí mo kọ síbẹ̀ nígbà náà? Mo bojú wolẹ̀. Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láàbù, a gbé ìkòkò òjé ńlá kan, a gbé ẹ̀mú gígùn àti káńtà mìíràn tó lágbára ju tèkíní lọ, a mú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá pọ̀n.

Ọ̀sán gan-gan ni. Ọ̀gá ní kí gbogbo ará ilé jáde lọ sí ìparí àdúgbò. Bàbá Ṣadé ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní kílíníìkì látàná. Ọ̀gá ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo káńtà, wọ́n sì dúró. Wọ́n padà wá bá mi. Mo rí i pé òógùn ti bo ojú wọn. Wọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré làwọn fẹ́ lò lẹ́ẹ̀kan, kí èmi máa kà á sókè láti ọ̀nà jíjìn, tí mo bá ti dé ẹẹ́wàá, kí n pariwo.

Mo kà á. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta... Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ tábìlì yọ. Ó kún fún ọwọ́ agogo, sípíríǹgì, gíláàsì wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Mo pariwo, wọ́n sá jáde lófo. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n fi ẹ̀mú tú u ká. Mo pariwo. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n mú un: wáyà kúkúrú kan bíi ti búréèkì kẹ̀kẹ́, tí irin kan tó ń dán wà ní orí rẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Wọ́n sọ ọ́ sínú ìkòkò òjé, wọ́n dé e. Ohun tó kéré tó báyẹn!

Ìgbẹ̀yìn la mọ ibi tó ti wá. Ní Ìjẹ̀gùn, àwọn kan ń ri páìpù mọ́lẹ̀ nígbà yẹn. Irú irin yẹn ni wọ́n fi ń ya fọ́tò inú ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀, láti mọ̀ bóyá ó mú dáadáa. Tiwọn já bọ́. Wọ́n wá a, wọn ò rí i, wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Bàbá Ṣadé lọ wo ilẹ̀ kan níbẹ̀, wọ́n rí i tó ń dán nínú iyanrìn, wọ́n mú un sápò ṣẹ́ẹ̀tì lápá òsì. Wọ́n rò pé á wúlò fún fífa sípíríǹgì agogo. Àwọn oníṣẹ́ náà wá gbé e lọ nígbà tí Ọ̀gá kàn sí wọn. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

A gbé Bàbá Ṣadé lọ sí ọsibítù ńlá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi náà wò: bẹ́ǹṣì tí mò ń jókòó sí jìnnà díẹ̀ sí dúrọ́ọ̀, ìyẹn ló yọ mí. Mo lọ wò wọ́n lọ́jọ́ kan tí Ìyá Ṣadé lọ wẹ̀ nílé. Ó ku èmi àti àwọn nìkan. Ètè wọn ti bó, ṣùgbọ́n ojú wọn dá ṣáká.

Wọ́n ní, "Dókítà mi, irin yẹn, kí ni wọ́n fi ń ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní wọ́n fi ń wo inú irin láì tú u, láti mọ̀ bóyá ó sán.

Wọ́n ronú sí i. "Wo inú ẹ̀ láì tú u," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ṣe é gbọ́n o."

Kò sí ìbínú kankan lójú wọn. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. "Ọjọ́ tí máṣíìnì ẹ dákẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi yẹn, ṣé òun náà nìyẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní: "Rárá, sà. Bátìrì ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ mi níbi iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni wọ́n kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ á sọ pé àsọdùn ni. Ṣọ́ọ̀bù yẹn wà ní títì. Agogo àwọn èèyàn ṣì wà nínú ẹ̀, ogún ó lé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wá gba tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníbátìrì, irú èyí tó máa ń ké "pí-pí" tí wákàtí bá pé. Ọ̀sán gan-an, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń kọjá, wàá gbọ́ "pí-pí" nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti pa. Òmíràn á tún dáhùn. Òmíràn á tún dáhùn. Àwọn ará ilé ní Bàbá Ṣadé ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdílé méjì kó jáde.

Èmi tí mo kàwé, mo mọ̀ pé bátìrì ni. Mo mọ̀ pé irin tí wọ́n gbé lọ yẹn kì í fi nǹkan sílẹ̀ sára agogo. Ṣé ìmọ̀ yẹn gbà mí? Rárá o! Kì í ṣe pípí yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà láàárín ẹ̀ ni. Títí dòní, tí fíríìjì bá ṣàdédé dákẹ́, tí fáànù bá dúró, àyà mi á já. Màá dìde, màá jáde kúrò nínú yàrá yẹn.

Nígbà tó yá, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé. Mo gbé káńtà wá láti láàbù, mo gbé agogo kọ̀ọ̀kan sójú ẹ̀, mo sì ń kó wọn lọ fún àwọn olówó wọn ní ojúlé dé ojúlé, mo ń fi hàn wọ́n pé ó mọ́. Ẹni márùn-ún ló gbà á. Àwọn yòókù ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ọ̀gá ò lé mi. Wọ́n kàn gba ìwé nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ibi ogún tí mo wọ́gi lé, wọ́n pa ìwé dé. Wọ́n ní, "Àṣìṣe, a lè mọ bó ṣe tó. Irọ́ ò ní ìwọ̀n." Wọn ò lọ ka ìwé wọn níwájú ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́dún yẹn. Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní iléèwé girama kan ní Ìgàǹdó.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Ìyá Ṣadé ti kó lọ sí Àgbàdo. Mo máa ń lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá ra búrẹ́dì dání, a ó sọ̀rọ̀ Ṣadé àti àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Ìka méjì, awọ orí wọn tín-ín-rín, ó sì ń dán.

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí," ni wọ́n wí. "Mo bá wáyà yẹn lápò ṣẹ́ẹ̀tì wọn nígbà tí mo fẹ́ fọ aṣọ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ jù ú sí gọ́tà. Mo wá ní ohun iṣẹ́ wọn ni. Mo gbé e lọ sínú dúrọ́ọ̀ fúnra mi. Fúnmi, ọwọ́ mi yìí ló pa ọkọ mi."

Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà lobìnrin yìí ti ń gbé e kiri, èmi sì ń jẹ búrẹ́dì tì í!

Mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, mo sọ gbogbo ẹ̀: òdo yẹn, igi tí mo wọ́ lé e, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, irọ́ tí mo pa fún Ọ̀gá, irọ́ tí mo pa fún Bàbá Ṣadé lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Ṣadé gbé búrẹ́dì tí mo rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí: "Tó o bá padà wá lọ́jọ́ Sátidé kejì yẹn, ṣé ọkọ mi ì bá wà láàyè?"

Mo ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, mà.

"Má fi Ọlọ́run dá mi lóhùn. Iṣẹ́ tó o kọ́ ni mo bi ọ́."

Mo gbé ojú sókè. Mo ní, "Egbò àyà yẹn ì bá yọ. Ara wọn ì bá má dá tán. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà láàyè, mà. Ó ṣeé ṣe dáadáa."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo retí kí wọ́n gbá mi létí. Mo retí kí wọ́n ṣépè. Wọ́n wo ìka wọn méjì yẹn títí, wọ́n wá fi ìró bò ó. "Máa lọ sílé," ni wọ́n wí. "Má wá mọ́, àfi tí mo bá ránṣẹ́ sí ọ."

Mo dúró de ìránṣẹ́ yẹn. Ọdún ń gorí ọdún. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún tó kọjá, fóònù mi dún. Ṣadé ni, ohùn rẹ̀ ti di ti àgbàlagbà. Ó ní Màmá ti lọ. Ó ní Màmá ti kọ orúkọ àwọn tí òun gbọ́dọ̀ pè sínú ìwé kan kí wọ́n tó kú, orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n kọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní rárá, orúkọ nìkan ni.

Mo lọ. Mo dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ṣé ìránṣẹ́ tí mò ń retí nìyẹn, àbí orúkọ lásán? Mi ò mọ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní fi ohun tó wù mí dí àyè yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀ ju báyìí lọ. Tí ohun tó o rí bá dà bí irọ́, kọ ọ́ bó o ṣe rí i, kó o sì padà lọ wò ó. Kì í ṣe láàbù nìkan ni mò ń sọ o! Ọmọ tó ń ṣàdédé dákẹ́ nílé, ọ̀rẹ́ tí kò pè mọ́, iná tó ń tàn tó ń kú lára ògiri. Ẹ má ní bátìrì ni.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ rí, tẹ́ ẹ wọ́gi lé, torí pé ìrọ̀rùn ni ẹ ń wá lọ́jọ́ yẹn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ń kà á, mi ò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ ní àlàyé ṣì wà láyé, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ẹ lọ bá a.